Ìyá Àwòrán Kì í Ṣe Pàǹtí

Ẹni tí ó bá mọ Sábó ti Ọ̀yọ́, tí ó sì mọ ti Ògbómọ̀ṣọ́, yóò jẹ́ wa lẹ́rìí pé àlòkù ohun èlò kì í wá olùrà tì níbẹ̀. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó ti dípàtà, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ti lu, bátìrì ọkọ̀, ìgò òfìfo, gbogbo wọn ni àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, tí wọ́n sì ń kó jọ fún àwọn tí ń wọ̀n wọ́n tà. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì ń gba ìlú lọ́wọ́ pàǹtí. Ohun tí ó mú wa gbé gègé lọ́sẹ̀ yìí ni ohun kan tí ó máa ń bá irin àti ìgò wọ inú àpò kan náà, tí kò sì yẹ kí ó bá wọn wọ̀ ọ́: àwòrán àtijọ́ tí a yà sí ara dígí tàbí sí ara irin pẹlẹbẹ.

Bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Bàbá tí ó fi àwòrán yíyà jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ papò dà. A ṣe òkú rẹ̀ tán, àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní Èkó àti Ìbàdàn fẹ́ palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ kí wọ́n lè fi háyà. Wọ́n bá páálí kéékèèké tí eruku ti bò mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣí ọ̀kan, wọ́n rí dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tí agbádá funfun inú rẹ̀ dúdú bí èédú, tí irun dúdú sì funfun bí òwú. Ẹlòmíràn á ní ó jọ iwin. Èyí tí ó bá tóbi díẹ̀ nínú wọn, wọn a fi omi bó ojú rẹ̀ kúrò, wọn a fi ṣe dígí férémù. Ìyókù di ti ọmọlanke.

Kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi èyí ru ará Sábó. Ohun tí a bá gbé síta fún wọn ni wọ́n ń rà, àwa tí a ni ín ni a kò mọ̀ ọ́n. Yorùbá ní ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò náání ohun tí kò dá mọ̀? Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn.

Ní ọdún 1839 ni Louis Daguerre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀nà àwòrán yíyà tirẹ̀ han ayé. Pẹlẹbẹ bàbà ni, tí a fi fàdákà bò lójú, tí a sì dán títí tí ó fi ń kọ mọ̀nà. Oòru makiúrì ni ó ń mú kí àwòrán yọ lára rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin yìí ni wọ́n fi pè é ní daguerreotype. Ẹ gbé e lọ́wọ́, kí ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ẹ bá yí i síhìn-ín, ojú ẹni inú rẹ̀ á hàn kedere. Bí ẹ bá yí i sọ́hùn-ún, funfun á di dúdú, dúdú á di funfun, ojú tiyín gan-an ni ẹ ó sì máa rí bí ẹni ń wo dígí ìwojú. Kò sí irú àwòrán mìíràn nínú àwọn tí a fẹ́ sọ yìí tí ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1851, Frederick Scott Archer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, da oje kan tí à ń pè ní collodion sí ara dígí. Kí oje náà tó gbẹ ni ayàwòrán gbọ́dọ̀ ti yà á, kí ó sì ti fọ̀ ọ́ tán. Láti ara ọgbọ́n yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní ambrotype ti jáde. Dígí ni, a sì fi ọ̀dà dúdú tàbí aṣọ dúdú tì í lẹ́yìn, nítorí pé dúdú ẹ̀yìn yìí ni ó ń jẹ́ kí ojú inú rẹ̀ hàn bí ojú ènìyàn. Kì í kọ mọ̀nà bíi ti àkọ́kọ́. Bí ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń ṣí, ẹ ó rí i pé àwọn ibì kan lára àwòrán náà á dà bí ihò tí a lè wòye kọjá.

Ẹ̀kẹta ni tintype, tí Hamilton Smith gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1856. Orúkọ rẹ̀ ń tan ni jẹ, nítorí kò sí tin nínú rẹ̀ rárá. Irin pẹlẹbẹ tí a kùn ní ọ̀dà dúdú ni. Ẹ mú òòfà, irin tí ń fa irin, irú èyí tí ó wà ní ìdí sípíkà rédíò tí ó ti bàjẹ́, kí ẹ fi sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láìjẹ́ kí ó ha á lára. Bí ó bá fà á, irin ni. Kò ní fa bàbà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fa dígí. Ìpàtà tí ó máa ń yọ ní etí rẹ̀ náà tún jẹ́ àmì.

Ká sọ òtítọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Bí ìdílé kan ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bá ní ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé bàbá ńlá kan tí ó ti Sàró tàbí ilẹ̀ Àgùdà bọ̀ ni ó gbé e wálé, tàbí kí ó ti ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì wá, nítorí láti 1855 ni Thomas Jefferson Bowen ti mú ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀kẹrin ni ó wà nínú páálí àwọn bàbá wa. Oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Leach Maddox, ni ó kọ́kọ́ fi hàn ní 1871 pé a lè lo oje tí a sè láti inú awọ àti egungun ẹran, èyí tí wọ́n ń pè ní gelatin, dípò collodion. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1880, ilé iṣẹ́ ti ń ṣe dígí gbígbẹ yìí sínú páálí tà, ayàwòrán kò sì nílò láti máa po oje fúnra rẹ̀ mọ́. Nẹ́gátíìfù ni wọ́n. Ojú kan dígí náà á máa dán, ojú kejì kò ní dán. Ojú tí kò dán yìí ni àwòrán wà. Bí oje náà bá tẹ́ dọ́gba láti etí dé etí, ti ilé iṣẹ́ ni. Bí ó bá nípọn níbì kan tí ó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, tí igun kan sì ṣófo níbi tí ọwọ́ ti dì í mú, ọwọ́ ènìyàn ni ó dà á, ó sì ti pẹ́ ju ìyókù lọ.

Ìyá àwòrán ni nẹ́gátíìfù yìí. Bébà tí a ń gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, ọmọ ni. Bí ikán bá jẹ ọmọ, ìyá lè bí òmíràn, àní mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá fọ́, ó parí. Àwọn ayàwòrán wa mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fún oníbàárà ní dígí, bébà nìkan ni wọ́n ń fún un, kí ó lè tún padà wá bí ó bá fẹ́ sí i.

Ẹ wo ohun tí àṣà wa fi ìyá àwòrán yìí ṣe. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé African Arts ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tí ó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, tí Táyé àti Kẹ́hìndé á fi jókòó ti ara wọn. Bí èyí tí ó kú bá jẹ́ obìnrin tí èyí tí ó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún ọmọ náà, wọ́n á tún un yà, wọ́n á sì so méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni àwòrán wá ń bá a ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal ti kọ ọ́ pé "à-wò-rántí" ni a sún kì di àwòrán. Àwa tí a ń kọ́ èdè lè jiyàn títí lórí bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ìyá ìbejì kò nílò kí á tú u fún òun.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó sì dá iṣẹ́ yìí ṣe ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Augustus Washington, ọmọ ènìyàn dúdú tí a bí sí Amẹ́ríkà, ṣí lọ sí Làìbéríà ní 1853, ó sì ń ya daguerreotype ní Monrovia. Àwọn aṣòfin Làìbéríà tí ó yà ṣì wà ní ibi ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà dòní. N. Walwin Holm, ọmọ Àkúrà, ṣí ilé iṣẹ́ àwòrán sí Èkó ní 1896. J. A. Green ya àwọn ọba àti oníṣòwò ní Bonny títí ó fi kú ní 1905, láìtíì ju ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Èyí tí ó máa ń dun èmi jù ni ti Herzekiah Andrew Shanu, tí a bí ní Ọ̀tà ní 1858. Ó lọ ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kóńgò ní 1884, ó di oníṣòwò àti ayàwòrán ní ìlú Boma, wọ́n sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde nínú Le Congo illustré. Nígbà tí ó rí ìwà ìkà tí ìjọba Leopold ń hù sí àwọn ọmọ onílẹ̀, ó fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí E. D. Morel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba mọ̀, wọ́n sì ní kí òṣìṣẹ́ wọn kankan má rajà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ní 1905 ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó sì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí?

Ti Olóyè Solomon Osagie Alonge ní Bìní ni ó yẹ kí á fi kọ́gbọ́n. Ayàwòrán ààfin Ọba Bìní ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀, Ideal Photo Studio, ní 1942. Dígí Kodak ni ó fi bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wá bọ́ sórí fíìmù. Kò ta dígí náà, kò sì fọ̀ ọ́. Nígbà tí ó kú ní 1994, wọ́n ṣì wà. Ilé Smithsonian pàtẹ wọn ní Washington ní 2014, a sì gbé àfihàn náà wálé sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Bìní ní 2017. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó ń ta wá lára díẹ̀ pé Amẹ́ríkà ni ọmọ Ẹdó gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ gbà kí ojú rẹ̀ má baà parẹ́.

Ṣùgbọ́n dígí tí kò fọ́ kò tó. Ní 1862, Camille Silvy ya Àìná, ọmọbìnrin ilẹ̀ Yewa tí àwọn òyìnbó ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, J. P. L. Davies, ní Lọ́ńdọ́nù. Silvy ní ìwé ńlá tí ó ń lẹ àwòrán oníbàárà kọ̀ọ̀kan mọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀. Ìwé wọ̀nyí wà ní National Portrait Gallery, a sì lè nawọ́ sí Àìná nínú wọn kí á sọ pé òun nìyí. Ta ni yóò nawọ́ sí ìyá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan gbé páálí dígí mẹ́ta wá láti ilé bàbá ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. A fi fóònù ya wọ́n, a yí dúdú wọn padà sí funfun, a tẹ̀ wọ́n sórí bébà, ó sì kó wọn lọ fún ìyá àgbà kan ní agbo ilé wọn. Ìyá wo àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìyáálé mi rèé, ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìsọ̀ aṣọ wọn." Wọ́n dárúkọ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ó di ti ọkùnrin kan tí ó jókòó ṣinṣin, tí ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún bí ó ti yẹ àgbàlagbà, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ì bá mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Ọdún tó kọjá ni wọ́n lọ." Dígí náà dára gan-an, kò ní ìfọ́ kankan lára. A kò sì mọ ẹni tí ó jẹ́ títí di òní.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé orúkọ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú, kí á tó máa wá àpótí. Dígí lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, àwọn tí ó mọ ojú inú rẹ̀ kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Kí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ gbé dígí náà síwájú ohun tí ó ní ìmọ́lẹ̀ funfun, ìbáà ṣe ojú kọ̀ǹpútà tí a ṣí ojú ewé òfìfo sí. Kí ó má jẹ́ kí ojú tí kò dán kan ohunkóhun. Kí ó fi fóònù yà á, kí ó sì jẹ́ kí fóònù náà yí i padà. Kí ó wá gbé e tọ àgbà lọ, kí ó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́: orúkọ, agbo ilé, ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Kí ó fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà kan náà sára bébà tí yóò fi wé dígí náà, kí ó tó fi dígí sínú rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, a bẹ̀ yín, ẹ má fọ̀ ọ́. Aṣọ mùkẹ̀mùkẹ̀ pàápàá lè nu ojú kúrò lára daguerreotype láé. Bí ẹ bá rí i nínú àpótí rẹ̀, ẹ má ṣí i, nítorí dígí iwájú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ sọ fàdákà di dúdú. Omi a máa mú kí oje dígí gbígbẹ wú, á sì ṣí kúrò lára rẹ̀ bí awọ pọ̀nmọ́. Ojú tí ó ń dán nìkan ni ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku kúrò lára rẹ̀. Etí ni kí ẹ máa dì í mú. Bébà funfun lásán ni kí ẹ fi wé e, kì í ṣe ọ̀rá, kì í ṣe ìwé ìròyìn (àní èyí tí ẹ ń kà yìí), ẹ má sì fi rọ́bà dè é. Kí wọ́n dúró lóòró lórí ẹ̀gbẹ́ wọn gígùn bí ìwé orí pẹpẹ, nítorí bí a bá tò wọ́n lé ara wọn, ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fọ́. Èyí tí ó bá ti fọ́, ẹ tẹ́ gbogbo ẹ̀rún rẹ̀ sórí páálí, ẹ má da ìkankan nù. Wọn kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nítorí ikán, tàbí ní àjà nítorí ooru, tàbí lára ògiri tí òjò ń mu, torí ọ̀rinrin á mú kí oje ara wọn bu, aáyán á sì wá jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí fíìmù àtijọ́ láàárín wọn, tí ó ń rùn tí ó sì ti ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíákíá kúrò nínú ilé, nítorí irú kan wà tí wọ́n ṣe kí ó tó di 1951 tí iná máa ń ràn mọ́ bí ẹ̀tù.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní kí á fi àwòrán òkú sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni ibi lè fi àwòrán ṣe ènìyàn, àti pé ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá fi ń fọ́ dígí nígbà mìíràn. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n a fẹ́ bi wọ́n léèrè: èwo ni ó ní ààbò jù, dígí tí ó wà nínú àpótí mọ́gàjí, tàbí èyí tí ó wà nínú àpò ẹni tí a kò mọ̀ ní ojú pópó? Bí àwòrán kan bá jẹ́ ti awo tàbí ti egúngún, kí olórí ẹbí pinnu ẹni tí ó lè wò ó, kí wọ́n dì í, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára. Pípa á mọ́ kò sọ pé kí á pàtẹ rẹ̀.

Àwọn ọmọ ayàwòrán náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi ọ̀rọ̀ àṣà gba ogún bàbá wọn lọ́wọ́ wọn. Kí dígí dúró sọ́dọ̀ wọn. Kí ìdílé tí ó bá rí ojú ẹni tirẹ̀ níbẹ̀ san owó bébà, bí bàbá wọn ṣe máa ń gbà á. Bí wọn kò bá sì ní ibi tí wọ́n lè kó o sí, Ilé Ìpamọ́ Ìwé Àkọsílẹ̀ Ìjọba wà ní Ìbàdàn, yunifásítì sì wà ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n lè kọ́kọ́ lọ bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì gba ìwé àdéhùn kí wọ́n tó gbé ohunkóhun sílẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé Sábó fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ọ̀rọ̀ Hausa "Sàbon Gàrí", ìlú titun, ni orúkọ rẹ̀ ti wá, àwọn ìdílé sì wà níbẹ̀ tí a ti bí bàbá àti bàbá bàbá wọn sáàárín wa. Àwọn náà jókòó níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán kan náà pẹ̀lú bàbá tiwa, àwòrán wọn sì wà nínú páálí kan náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kó bébà rẹ̀ kiri, kí ó dé ọ̀dọ̀ Sarkí àti àwọn àgbà Sábó pẹ̀lú. Ní àkókò ọyẹ́ ni ó dára jù, kí òjò tó dé. Bí ó bá sì ti wà níbẹ̀, kí ó fi sùúrù bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ra irin bóyá páálí dígí kan wà ní ẹ̀yìn ìsọ̀ tí wọn kò tíì tú. Owó ìwọ̀n lásán ni wọn yóò gbà lórí rẹ̀.